Dída tíṣù olómi nù nínú ọkọ̀ ilé

Dída tíṣù olómi nù nínú ọkọ̀ ilé jẹ́ apá kan nínú ìmọ́tótó àwọn tí ń fi ọkọ̀ tí a kọ́ bí ilé rìnrìn àjò tàbí pàgọ́, pàápàá ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní RV. Tíṣù olómi ni aṣọ pélébé tí a ti fi omi àti èròjà ìfọ̀dọ̀tí díẹ̀ rin, tí a sì dì sínú ọ̀rá. Wáìpù ni ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mọ ń pè é. Ìlànà tí ó rọ̀ mọ́ ọn kò gùn: tíṣù olómi kankan kò gbọdọ̀ wọ inú ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ ilé, ìbáà jẹ́ èyí tí a kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé omi lè gbé e lọ. Inú ọ̀rá pàǹtí ni àyè rẹ̀, kí ó sì bá pàǹtí yòókù lọ sí ibi tí wọ́n ń kó pàǹtí sí. Ìdí rẹ̀ ni ó gba àlàyé, nítorí pé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ ilé jọ ti inú ilé lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò rí bákan náà.

Tíṣù olómi àti ohun tí a fi ń ṣe é

Arthur Julius, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí ó ti ṣiṣẹ́ nídìí ohun ìṣaralóge, ni a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe tíṣù olómi fún títà ní ìparí àwọn ọdún 1950. Wet-Nap ni ó sọ ọ́. Ní 1963, àwọn ilé oúnjẹ Kentucky Fried Chicken bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn oníbàárà wọn láti fi nu òróró adìyẹ díndín kúrò lọ́wọ́. Ọwọ́ ni a ṣe é fún nígbà náà, kì í ṣe ìdí. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni ó di ohun ìnudìí ọmọ ọwọ́, tí ó sì ti ọ̀dọ̀ ọmọ dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà.

Bí a ti ń ṣe é ni ó bí gbogbo wàhálà tí ó kù. A kì í hun ún bí aṣọ òkè. Fọ́nrán ni a ń tẹ́ lérí ara wọn ní pẹlẹbẹ, tí a ó wá jẹ́ kí omi tí ó ń tú jáde tagbáratagbára láti ojú ihò wẹ́wẹ́ gún wọn títí wọn yóò fi lọ́ mọ́ ara wọn. Àwọn fọ́nrán náà lè jẹ́ pọliẹ́sítà tàbí pọlipropilíìnì, tí méjèèjì jẹ́ ẹ̀yà ike, tàbí fískóòsì, tí a ń rí láti ara igi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń po wọ́n pọ̀. Ohun tí àwọn tí ń ṣe é ń wá ni pé kí tíṣù náà lè wà ní tútù nínú ọ̀rá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láì já, kí ó sì tún ní agbára tó láti nu ìdọ̀tí nígbà tí a bá fà á yọ. Ohun tí a ṣe kí ó má baà já nínú omi fún oṣù mẹ́fà, kò sí ìdí tí yóò fi já nínú táǹkì láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Tíṣù ìnudìí lásán, èyí tí a ń ká bí òrùka, yàtọ̀ sí i. Fọ́nrán inú rẹ̀ kúrú, ohun tí ó so wọ́n pọ̀ kò lágbára, omi gan-an ni ó sì ń tú ìsopọ̀ náà. Bí a bá sọ ọ́ sínú omi tí a sì rò ó díẹ̀, yóò di ẹ̀kọ. Bébà ìnuwọ́ ilé ìdáná àti tíṣù ìnujú wà láàárín méjèèjì: igi ni a fi ṣe wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti fi èròjà kan sí wọn kí wọ́n má baà ya nígbà tí wọ́n bá tutù. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tíṣù olómi ni wọ́n jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí wọ́n wọ inú ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀.

Ìgbọ̀nsẹ̀ àti táǹkì ọkọ̀ ilé

Ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ilé àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ni Pierce-Arrow Touring Landau, tí wọ́n fi hàn ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní ìlú New York ní 1910. Póò ni ìgbọ̀nsẹ̀ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lo póò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ni yóò dà á nù. Ọkọ̀ òde òní fi ohun tí ó wà nínú póò pa mọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gba iṣẹ́ dídà á nù kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ilé tí a ń ṣe lónìí, tí púpọ̀ nínú wọn ń jáde láti agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní táǹkì mẹ́ta. Ọ̀kan wà fún omi mímọ́. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní táǹkì aláwọ̀ eérú, ń gba omi ìwẹ̀ àti omi ìfọwọ́. Ẹ̀kẹta ni táǹkì dúdú, èyí tí ó ń gba ìgbẹ́, ìtọ̀ àti tíṣù ìnudìí. Ìwọ̀n táǹkì dúdú kò jọra, ṣùgbọ́n láàárín gálọ́ọ̀nù 20 sí 50, èyí ni nǹkan bí lítà 75 sí 190, ni a sábà ń rí.

Nínú ilé, omi tí ó tó lítà mẹ́fà ni ó ń ti ìdọ̀tí gba inú páìpù tí ó tẹ̀ kọrọdọ lọ sí páìpù ìlú tàbí sí kòtò inú ọgbà. Nínú ọkọ̀ ilé, kò sí páìpù kọrọdọ. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ohun ìtẹ̀ kan, ihò yóò là ní ìsàlẹ̀ àwo ìgbọ̀nsẹ̀, omi díẹ̀ yóò sì bá ìdọ̀tí já tààrà sínú táǹkì. Níbẹ̀ ni yóò dúró sí, fún ọjọ́ kan tàbí fún ọ̀sẹ̀ kan, títí ọkọ̀ yóò fi dé ibùdó tí a ti ń tú táǹkì.

Ẹnu tí ìdọ̀tí ń gbà jáde kò fẹ̀: páìpù ínṣì mẹ́ta ni, tí kò ju ìwọ̀n ọwọ́ tí a ká sí ẹ̀ṣẹ́ lọ. Fáàfù kan wà lẹ́nu rẹ̀, abẹ pẹlẹbẹ tí a ń fà síta bí ìgbà tí a bá fa dúrọ́ọ̀ tábìlì. Bí a bá fà á, ìwúwo omi inú táǹkì nìkan ni ó ń ti ohun gbogbo jáde gba inú páìpù róbà sínú ihò ibùdó. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí ń ràn án lọ́wọ́, àfi nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ alábẹ sí láti gé ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ kí ó tó jáde.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, irú mìíràn ni ó wọ́pọ̀. Táǹkì kékeré kan, tí ó máa ń gba nǹkan bí lítà 20, ni ó wà lábẹ́ ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò fà á yọ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ dà. Ẹnu kékeré ni ó ń gbà dà á jáde, nítorí náà tíṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó láti dí i, ojú ẹni tí ó gbé e dání ni yóò sì ṣe.

Ohun tí tíṣù ń ṣe nínú táǹkì

Omi ni ó ń mú kí táǹkì dúdú ṣiṣẹ́. Bí omi bá pọ̀ tó, tíṣù ìnudìí á yòrò, ìgbẹ́ á rọ̀, ohun gbogbo á sì ṣàn jáde pa pọ̀. Bí tíṣù olómi bá wà níbẹ̀, ìyípadà méjì ni ó ń ṣẹlẹ̀. Èkíní ni pé àwọn tíṣù náà ń lọ́ mọ́ ara wọn bí aṣọ tí a fọ̀ tí a kò sá. Èkejì ni pé wọ́n ń di ìgbẹ́ àti tíṣù ìnudìí mú, tí kò fi jẹ́ kí omi ráyè wọ àárín wọn. Òkìtì kan yóò wá máa ga sókè lábẹ́ ihò ìgbọ̀nsẹ̀ gan-an. Àwọn onímọ̀ nípa ọkọ̀ ilé fi òkìtì yìí wé pírámídì àwọn ará Íjíbítì, àwàdà náà kò sì jìnnà sí òtítọ́, nítorí pé bí ó bá gbẹ tán, ó le.

Òkìtì náà tún burú sí i ní ibi ìpàgọ́ tí ó ní ihò ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí kò tíì mọ̀ máa ń fi fáàfù táǹkì dúdú sílẹ̀ ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru, wọ́n rò pé báyìí ni ìdọ̀tí yóò ṣe máa lọ fúnra rẹ̀. Omi nìkan ni ó ń lọ. Ohun líle á jókòó, tíṣù olómi á sì dà bí àwọ̀n tí ó kó gbogbo rẹ̀ jọ.

Tíṣù kan ṣoṣo tún lè fa wàhálà bí ó bá há sí ojú ọ̀nà tí abẹ fáàfù ń gbà lọ gbà bọ̀. Fáàfù náà yóò dà bí ẹni pé ó ti pa dé, bẹ́ẹ̀ àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣì wà. Ìdọ̀tí á máa jò díẹ̀díẹ̀, á sì máa kó jọ sẹ́yìn ìdérí páìpù níta. Ẹni tí ó bá tú ìdérí náà nígbà tí ó tún dé ibùdó ni yóò mọ ohun tí ó ti ń ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ gbọ́. Bákan náà, tíṣù máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn atọ́ka kéékèèké tí ó wà ní ara ògiri táǹkì, tí iná inú ọkọ̀ á sì máa sọ pé táǹkì kún nígbà tí ó ṣófo. Nínú ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ alábẹ, fọ́nrán gígùn á wé mọ́ abẹ àti ọ̀pá tí ń yí i títí ẹ̀rọ yóò fi dúró.

Lẹ́yìn ibùdó

Bí tíṣù bá rí ọ̀nà jáde nínú táǹkì, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán; ó kàn ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ọ̀pọ̀ ibi ìpàgọ́ ní Amẹ́ríkà jìnnà sí páìpù ìlú, kòtò ìdọ̀tí tiwọn ni wọ́n sì ń lò, irú èyí tí àwọn onílé ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta mọ̀ sí sókàwéè. Nínú kòtò bẹ́ẹ̀, kòkòrò àìfojúrí ni ó ń jẹ ìgbẹ́, omi tí ó bá ṣẹ́kù á sì rọra wọ inú ilẹ̀. Kòkòrò wọ̀nyí kì í jẹ ike. Tíṣù á léfòó tàbí kí ó rì, á dí asẹ́ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, tàbí kí ó wé mọ́ ẹ̀rọ tí ń fa omi. Òṣìṣẹ́ kan ni yóò fi ọwọ́ fà á jáde, nígbà tí ibi ìpàgọ́ bá kún jù lọ, nítorí pé ìgbà náà ni táǹkì tí a ń tú níbẹ̀ ń pọ̀ jù.

Ní ìlú ńlá, ọ̀rá oúnjẹ tí a dà sínú páìpù máa ń dì mọ́ tíṣù olómi títí tí yóò fi le bí àpáta. Ní 2017, àwọn òṣìṣẹ́ rí irú rẹ̀ kan lábẹ́ àdúgbò Whitechapel ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó gùn tó mítà 250, tí ìwúwo rẹ̀ sì tó tọ́ọ̀nù 130. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó gbà wọ́n láti fọ́ ọ kúrò. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Museum of London gba ẹ̀yà rẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì gbé e síta fún àwọn èrò láti wò ní 2018.

Àkọlé ara ọ̀rá

Ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, flushable, tí ó túmọ̀ sí ohun tí a lè fi omi ìgbọ̀nsẹ̀ ṣàn lọ. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ méjì tí ó sún mọ́ ara wọn, tí kò sì rọrùn láti yà sọ́tọ̀. Ó lè túmọ̀ sí pé ohun náà yóò kọjá nínú ihò ìgbọ̀nsẹ̀ láì há. Ní ọ̀nà yìí, òrùka wúrà pàápàá ṣeé ṣàn lọ. Ó sì tún lè túmọ̀ sí pé ohun náà yóò yòrò lẹ́yìn tí ó bá ti kọjá. Ìtumọ̀ kejì ni ẹni tí ó ra ọjà máa ń ní lọ́kàn, àríyànjiyàn láàárín àwọn tí ń ṣe tíṣù àti àwọn tí ń bójú tó omi ìdọ̀tí sì dá lórí bí ìyòrò náà ṣe gbọ́dọ̀ yá tó àti bí ó ṣe gbọ́dọ̀ pé tó.

Ìlànà méjì ni ó wà nítorí rẹ̀. INDA àti EDANA, tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe aṣọ tí a kò hun ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ní tiwọn. Àwọn ilé iṣẹ́ omi ní orílẹ̀-èdè mélòó kan kó ara wọn jọ sábẹ́ orúkọ IWSFG, wọ́n sì gbé tiwọn tí ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ jáde. Páìpù ilé àti ti ìlú ni àwọn ìlànà wọ̀nyí dá lé, níbi tí omi ti ń sáré, tí ó ń já bọ́, tí ẹ̀rọ sì ń fà á. Omi táǹkì ọkọ̀ ilé kì í sáré. Tíṣù tí ó yege ìdánwò nínú omi tí a ń mì lè wà láìyẹ̀ nínú omi tí ó dákẹ́, nítorí náà àkọlé náà kò wúlò fún ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́ fún ẹni tí ó wà ní ilé.

Òfin ti ń dá sí ọ̀rọ̀ àkọlé yìí. Ìpínlẹ̀ Washington ṣe òfin ní 2020 pé kí a kọ ọ́ sí ara ọ̀rá tíṣù olómi tí kò yẹ fún ìgbọ̀nsẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dà á síbẹ̀. Kalifọ́níà tẹ̀ lé e ní 2021, òfin tirẹ̀ sì kan àwọn ọjà tí a ṣe láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2022. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti pàṣẹ ní 2019 pé kí tíṣù tí ike bá wà nínú rẹ̀ ní àmì tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ń rà á, àṣẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje 2021. Ní Ọsirélíà, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ bu owó ìtanràn 700,000 dọ́là ilẹ̀ náà lé ilé iṣẹ́ Pental ní 2018 nítorí pé ó sọ fún àwọn oníbàárà pé tíṣù ìfọbalùwẹ̀ tí òun ń tà ń yòrò bíi tíṣù ìnudìí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí a ń rí lára ọ̀rá ni pé tíṣù náà lè jẹrà. Ìyẹn lè jẹ́ òtítọ́ láì ran táǹkì lọ́wọ́: igi náà ń jẹrà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ju ìtì igi sínú ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i lè fi tíṣù ìnudìí kan sínú ìgò omi, kí ó fi tíṣù olómi kan sínú ìgò kejì, kí ó mi méjèèjì díẹ̀, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìgò àkọ́kọ́ á ti di omi funfun. Nínú ìgò kejì, a ó ṣì lè fa tíṣù jáde, kí a fún un, kí a sì tún fi nu tábìlì.

Bí a ṣe ń da tíṣù nù

Ohun tí àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ ilé ń ṣe kò le rárá. Garawa kékeré kan tí ó ní ìdérí, tí a sì tẹ́ ọ̀rá sí inú rẹ̀, ni wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ìgbọ̀nsẹ̀, sí ibi tí ọwọ́ ẹni tí ó jókòó lè tó. Bí garawa náà bá jìnnà, tíṣù yóò wọ ìgbọ̀nsẹ̀. Ibi tí a gbé e sí ṣe pàtàkì ju irú rẹ̀ lọ. Ìyá ọmọ tí ó ń nu ìdí ọmọ rẹ̀ á kọ́kọ́ gbọn ìgbẹ́ tí ó bá pọ̀ sínú ìgbọ̀nsẹ̀, á wá ká tíṣù náà sínú ara rẹ̀ kí ó tó jù ú sínú garawa. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń so ọ̀rá náà, tí wọ́n á sì tún fi ọ̀rá kejì bò ó, nítorí pé òórùn inú ọkọ̀ kékeré nígbà ooru kò ṣeé fara dà. Àwọn kan ń lo ọ̀rá kéékèèké tí a fi ń kó ìgbẹ́ ajá, ọ̀kan fún ìlò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá á lọ sínú àpótí pàǹtí ńlá ibi ìpàgọ́. Kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí ohun àtúnlò.

Àlejò ni ó sábà ń ba ètò yìí jẹ́. Ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ni ó mọ̀ lò, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn béèrè ibi tí òun yóò ju tíṣù sí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ onílé-lórí-ọkọ̀ máa ń lẹ ìwé kékeré mọ́ ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ fún àlejò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ibi tí kò ti sí ihò ìdọ̀tí, omi tàbí àpótí pàǹtí, inú ọkọ̀ ni ọ̀rá náà yóò wà títí wọn yóò fi dé ìlú. Irú ibẹ̀ gan-an ni tíṣù olómi ti wúlò jù, nítorí pé àwọn tí omi wọn kò tó máa ń fi í nu ara dípò ìwẹ̀, iye rẹ̀ á sì pọ̀. Ṣáláńgá tí ìjọba kọ́ sínú igbó àti ọgbà ìtura kì í ṣe ibi àbọ̀ fún un. Ọkọ̀ ńlá ni ó ń fi páìpù róbà fa ìdọ̀tí kúrò nínú ṣáláńgá bẹ́ẹ̀, aṣọ àti tíṣù sì máa ń dí páìpù náà, tí òṣìṣẹ́ á fi fi ọ̀pá gígùn ṣa wọ́n jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

A kì í sun tíṣù olómi nínú iná ibùdó. Ó tutù, nítorí náà kì í jóná tán, èéfín ike tí ó ń jáde lára rẹ̀ sì lóró. A kì í sì í rì í mọ́lẹ̀: ẹranko á hú u jáde, ike inú rẹ̀ á sì di ẹ̀rúnrún tí kì í kúrò nínú erùpẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ Leave No Trace ń kọ́ àwọn arìnrìn-àjò ní Amẹ́ríkà ni pé kí ènìyàn gbé ohun gbogbo tí ó gbé wọ igbó jáde padà. Ìgbẹ́ ènìyàn pàápàá, bí kò bá sí ìgbọ̀nsẹ̀ nítòsí, lè wọ inú kòtò tí ó jìn tó ínṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, ní ibi tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 200 sí omi. Tíṣù olómi kò bá a wọ kòtò náà.

Ní àwọn ibi tí béárì wà, ọ̀rọ̀ òórùn dídùn tún wọ̀ ọ́. Béárì a máa gbọ́ òórùn láti ọ̀nà jíjìn, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín òórùn oúnjẹ àti ti ọṣẹ tí a po mọ́ tíṣù. Ní ọgbà Yosemite ní Kalifọ́níà, fún àpẹẹrẹ, a kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ, ohun ìṣaralóge tàbí pàǹtí sílẹ̀ níta. Inú àpótí irin tí a pèsè ni wọ́n ń wọ̀. Nítorí náà, ọ̀rá tíṣù, tuntun tàbí èyí tí a ti lò, kò gbọdọ̀ sùn sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀.

Bí tíṣù bá ti wọ inú táǹkì

Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì ni ó ṣèèṣì já sínú táǹkì, omi púpọ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀. A ó ti fáàfù, a ó da omi sí i títí táǹkì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, a ó sì tú u lẹ́ẹ̀kan náà kí ìwúwo omi lè gbé tíṣù náà jáde. Bí ó bá ti di òkìtì, a ó jẹ́ kí omi náà wà nínú táǹkì fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wíwa ọkọ̀ náà ní àkókò yìí ń ṣèrànwọ́, nítorí pé omi á máa gbọ̀n káàkiri inú táǹkì. Ọ̀pá ìfọtáǹkì kan wà tí a ń ki bọ inú ìgbọ̀nsẹ̀, tí ó ń fọ́n omi tagbáratagbára. Ohun mìíràn tún wà tí a ń so mọ́ ẹnu páìpù níta láti ti omi padà sínú táǹkì. Ìbọ̀wọ́ róbà kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, ojú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wà níwájú ẹnu páìpù.

Àwọn kan gbà pé bí a bá da yìnyín sínú táǹkì, tí a sì wa ọkọ̀, yìnyín náà á ha ìdọ̀tí kúrò. Yìnyín ń léfòó lórí omi, ó sì ń yọ́; kò sí bí yóò ṣe fọ́ òkìtì tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Oògùn táǹkì tí ó ní kòkòrò àìfojúrí nínú wúlò fún ìgbẹ́ àti tíṣù ìnudìí, ṣùgbọ́n kò rí pọliẹ́sítà gbé ṣe. Omi híhó àti ásíìdì tí a fi ń la páìpù ilé léwu jù wọ́n lọ, nítorí pé ike ni táǹkì, róbà sì ni ó ń dí ẹnu fáàfù. Bí omi tútù àti sùúrù kò bá ṣí i, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ni ó yẹ kí a pè, kí ó fi ẹ̀rọ omi alágbára là á, tàbí kí ó tú fáàfù kúrò kí ó sì fi ọwọ́ fa tíṣù jáde.

Ohun tí a ń lò dípò rẹ̀

Omi ni ohun tí ó súnmọ́ tíṣù olómi jù lọ nínú iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ ilé ní ẹ̀rọ ìfọ́nmi kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn tí kò ní in ń lo ìgò tí a ń tẹ̀ kí omi jáde. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì fún àwọn Mùsùlùmí nílẹ̀ Yorùbá tàbí ní òkè òkun, tí wọ́n ti ń fi omi ṣàn dìí tipẹ́ kí a tó ṣe tíṣù olómi. Nínú ọkọ̀, omi náà tún ní àǹfààní mìíràn: inú táǹkì dúdú ni ó ń lọ, omi tí ó pọ̀ sí i sì ni táǹkì náà ń fẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé yóò tètè kún, táǹkì omi mímọ́ á sì tètè gbẹ, nítorí náà ẹni tí ó pàgọ́ sínú aṣálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lè rí i pé garawa àti tíṣù olómi ni ó bá ipò òun mu jù.

Fífi omi rin tíṣù ìnudìí lásán jẹ́ ọ̀nà kan tí ó wà láàárín. A ó fọ́n omi díẹ̀ sí i kí a tó lò ó, yóò sì yòrò nínú táǹkì bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ń ge aṣọ òwú sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń lò ó, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ ní ibi ìfọṣọ tí ọ̀pọ̀ ibi ìpàgọ́ ní. Fún aláìsàn, arúgbó, tàbí ọmọ tí awọ ara rẹ̀ ń yún, tíṣù olómi lè jẹ́ ohun tí a kò lè ṣe aláìní, ìwọ̀n garawa àti iye ọ̀rá tí a ó rà sì ni a ó ṣírò kí ọkọ̀ tó gbéra.